Bí Ẹ Ó Ṣe Kọ́ Ọmọ Ilé-Ìwé Nípa Àrùn Àkóràn Kó Lè Yé Wọn: Ìtọ́sọ́nà fún Olùkọ́ ní Èkìtì

Ìbéèrè kan náà ni àwọn olùkọ́ ń bi mí ṣáá, ìbáà jẹ́ Adó ni wọ́n ti ń kọ́ni tàbí Ọ̀mùò: "Mo ti kọ́ wọn ní àrùn àkóràn, wọ́n tilẹ̀ gba máàkì nínú ìdánwò. Àmọ́ bí agogo bíréèkì bá ti lù, ọwọ́ tí wọ́n gbé ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀ náà ni wọ́n fi ń jẹ púfùpúfù. Kí ni kí n ṣe?" Àwọn mìíràn á fi kún un pé omi kò sí, ọmọ ti pọ̀ jù nínú kíláàsì, owó kò sì sí.

Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n má fi orúkọ àrùn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí àrùn ń gbà wọ ara ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ lè ka orúkọ ogún àrùn lórí bí ẹni ń ka ADURA OLÚWA, kó má sì mọ ohun kan tó yẹ kó ṣe. Èyí tó bá mọ ọ̀nà tí àrùn ń gbà yóò mọ ibi tó yẹ kó dí, kódà bí àrùn tí kò sí nínú ìwé bá dé, bí Kòrónà ṣe dé bá wa ní 2020.

Ọmọ kíláàsì 3 alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS 3 ni mo fọkàn sí. Fún àwọn tó kéré sí i, ọwọ́ fífọ̀ nìkan tó.

## Kí ẹ tó wọ kíláàsì

Ẹ kọ́kọ́ yà sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ yín. Ẹ bi nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pé àrùn wo ló ń yọ àwọn ọmọdé lẹ́nu jù lásìkò yìí. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá ẹnìkan lè wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń gbà, nítorí iṣẹ́ wọn náà ni. Ẹ wo rẹ́jísítà yín pẹ̀lú: bí ọmọ mẹ́rin bá pa ilé-ìwé jẹ lọ́sẹ̀ kan náà, tí wọ́n ní ìgbẹ́ gbuuru ni, ẹ ti rí ibi tí ẹ̀kọ́ yín yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ bá àsìkò mu. Sáà kejì bọ́ sí ọyẹ́ àti ọ̀gbẹlẹ̀: ibà Lassa, èéyi, ṣíkínpọ́ọ̀sì àti ikọ́ ni kí ẹ fi ṣíwájú. Òjò ni ti sáà kẹta: onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun tí à ń pè ní táífọ́ọ̀dù, àti ibà ẹ̀fọn. Sáà kìn-ín-ní, tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọlidé dé, ni mo máa ń fi kúrúnà, làpálàpá àti aràn sí.

Ohun tí ẹ nílò lórí tábìlì:

- omi kẹ́ẹ̀gì kan, bàsíà méjì, ọṣẹ kan
- òróró ìdáná díẹ̀, àti èédú tí ẹ gún kúnná
- ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ tí ẹ lọ̀ sínú bébà
- ike onídèérí kan, abọ́ kan tí kò ní ìdérí, àti gààrí díẹ̀
- iyọ̀, ṣúgà, ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì
- bébà ńlá kan tí ẹ ti kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn yẹn sí

Ẹ sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èédú yóò ta sí aṣọ ọmọ kan dandan, ìyá rẹ̀ yóò sì wá béèrè.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ọ̀nà márùn-ún, ìka márùn-ún

Ẹ ní kí gbogbo wọn na ọwọ́ kan sókè. Ìka kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan. Ẹ má kọ nǹkan kan sójú pátákó títí wọn yóò fi lè fi ìka kà á fúnra wọn.

1. Ẹnu. Oúnjẹ, omi àti ọwọ́ ẹlẹ́gbin. Onígbáméjì, táífọ́ọ̀dù, aràn, ìgbẹ́ gbuuru.
2. Èémí. Ikọ́, sísín, yàrá tí atẹ́gùn kò wọ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, èéyi, ọ̀fìnkìn, Kòrónà.
3. Ìfarakanra. Awọ ara, aṣọ, tówẹ́ẹ̀lì, kóòmù tí a jọ ń lò. Kúrúnà, làpálàpá, àpólò.
4. Kòkòrò àti ẹranko. Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà, eku ń gbé Lassa, ajá ń gbé dìgbòlugi.
5. Ẹ̀jẹ̀. Bíléèdì àti abẹ́rẹ́ tí a jọ lò. HIV, àti mẹ́dọ̀wú tí kòkòrò rẹ̀ ń gba inú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ ó wá dárúkọ àìsàn kan, kí wọ́n na ìka tó bá a mu sókè. Níbi yìí ni ẹ ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́ nílé: oòrùn ló ń fa ibà, ẹ̀wà ló ń fa aràn, ṣúgà ló ń fa jẹ̀dí. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ ọ́ sí igun pátákó, kí ẹ padà sí i bí ẹ̀kọ́ bá dópin. Bí ẹ bá fi ìyá àgbà ọmọ ṣẹ̀sín ní kíláàsì, ìyá àgbà ni ọmọ náà yóò gbà gbọ́.

JSS nìkan ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ lábẹ́ ìka karùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ìwé ètò ẹ̀kọ́ yín bá ṣe sọ. Àmọ́ gbogbo kíláàsì ló gbọ́dọ̀ gbọ́ pé HIV kì í ràn nípa jíjókòó pọ̀, jíjẹun pọ̀, bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ tàbí nípa ẹ̀fọn.

## Ìgbésẹ̀ 2: Èédú àti òróró

Bó bá jẹ́ pé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹ ráyè ṣe, èyí ni kí ẹ ṣe.

1. Ẹ pe ọmọ mẹ́ta síwájú. Kí ẹ rí i pé kò sí egbò lọ́wọ́ wọn.
2. Ẹ da òróró díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ́n èédú lé e, kí wọ́n fi ra ọwọ́ méjèèjì títí yóò fi dúdú.
3. Ọmọ kìn-ín-ní yóò ki ọwọ́ bọ omi inú bàsíà, yóò ṣan án, yóò sì gbọ̀n ọ́n. Kò lo ọṣẹ.
4. Ọmọ kejì yóò lo ọṣẹ, ṣùgbọ́n kí ẹ ka ení dé àrún péré, kó ṣíwọ́.
5. Ọmọ kẹta yóò lo ọṣẹ bí gbogbo kíláàsì bá ti ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ogún, láìkánjú. Kó fọ ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò, abẹ́ èékánná. Ẹ bu omi dà sí i lọ́wọ́.
6. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa gba àárín ìjókòó kọjá, kí àwọn yòókù wo ọwọ́ wọn dáadáa.

Ti ọmọ kìn-ín-ní yóò dúdú bọ̀lọ̀jọ̀ síbẹ̀. Ti ọmọ kejì ló máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu: àtẹ́lẹwọ́ á ti mọ́, ṣùgbọ́n ìlà dúdú á wà yí èékánná ká, á sì wà ní ìdí àtàǹpàkò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó pẹ́.

Kí ẹ tó da omi nù, ẹ gbé bàsíà ọmọ kìn-ín-ní sókè. Ẹ bi wọ́n pé: "Ta ló fẹ́ fi omi yìí fọwọ́ kó tó jẹ iyán?" Wọn yóò pariwo. Ẹ wá rán wọn létí abọ́ omi kan ṣoṣo tí a máa ń gbé káàkiri níbi ìnáwó, tí àlejò mẹ́wàá á ki ọwọ́ bọ̀ kí iyán tó dé. Ẹni tó fọ̀ kẹ́yìn, ìdọ̀tí ẹni mẹ́sàn-án ló fi fọwọ́. Èmi ò sọ pé kí ọmọ lọ máa bá àgbà wí níbi òde o. Ohun tí a fẹ́ kó ṣe ni kó dìde, kó gbé omi àti ọṣẹ, kó máa bu omi dà sí àwọn àgbà lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ ilé náà kúkú nìyẹn, wọn yóò tún súre fún un.

Ìkìlọ̀: èédú gígún ni kí ẹ lò. Ẹ má lo dúdú inú bátìrì, ẹ má sì lo yíǹkì.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ta ló kí ta?

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ pa ọmọ kan lọ́wọ́ kí àwọn yòókù tó wọlé. Kí ọmọ náà bọ ẹni mẹ́ta lọ́wọ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn náà tún bọ ẹni mẹ́ta. Lẹ́yìn náà kí gbogbo wọn na ọwọ́. Ẹni tó ní àwọ̀ lọ́wọ́ kó bọ́ síta, kí ẹ jọ máa tọpa rẹ̀ padà títí tí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́.

Ibí ni kí ẹ ti sọ ìtàn Èbólà fún JSS. Ní July 2014, ọkùnrin kan gbé e wọ Èkó láti Liberia. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò jẹ́ kó kúrò nílé ìwòsàn, àrùn náà sì pa dókítà yìí gan-an. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpa gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn, wọ́n sì ń ṣọ́ àwọn ẹni náà fún ọjọ́ 21. Ẹni 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú. Ní October 20, 2014, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ṣe ní kíláàsì gan-an ni wọ́n ṣe.

Kí ẹ má gbàgbé láti wí fún wọn pé eré ni, pé ọmọ tí a fi ṣọ́ọ̀kì pa lọ́wọ́ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, "Èbólà" ni wọn yóò máa pè é títí di ìparí sáà.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ibà Lassa, ẹ má fi dùn wọ́n

Ọ̀gbẹlẹ̀ kì í lọ kí a má gbọ́ ìròyìn ibà Lassa láti ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá láti agbègbè Ọ̀wọ̀. Ọ̀nà tí kò jìn rárá sí Ìkéré, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré ni. Nítorí náà, pírìọ́ọ̀dù odidi kan tọ́ sí i.

Ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ ní 1969. Eku kan tó ní ọmú púpọ̀ níkùn ló ń gbé e kiri. Kì í ṣe eku náà ní nǹkan kan. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni àrùn ń bá jáde. Ènìyàn ń kó o bó bá jẹ oúnjẹ tí eku ti tọ̀ sí, bó bá ń gbálẹ̀ tí eruku ìgbẹ́ eku sì ń wọ imú rẹ̀, bó bá ń pa eku tàbí tó ń kun ún, tàbí bí ẹ̀jẹ̀, èébì tàbí ìtọ̀ aláìsàn bá kàn án lára. Láàárín ọjọ́ 2 sí 21 ni yóò fara hàn.

Ibi tó ti léwu ni pé bí ibà ẹ̀fọn ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, èébì. Ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde nímú tàbí lẹ́nu bó bá ti wọra tán, etí sì lè di fún àwọn kan. Oògùn wà fún un, ribavirin ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Gbólóhùn tí ọmọ gbọ́dọ̀ gbé lọ sílé ni èyí: ibà tí a lo oògùn rẹ̀ fún ọjọ́ méjì tí kò lọ, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe oògùn mìíràn láti ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí ẹ ó ṣe ní kíláàsì. Ẹ gbé ike onídèérí àti abọ́ tí kò ní ìdérí sílẹ̀, ẹ bu gààrí sí méjèèjì. Ẹ fọ́n ẹyọ ṣọ́ọ̀kì bíi mélòó kan sínú èyí tó ṣí, ẹ ní ìgbẹ́ eku ni. Ẹ bu omi díẹ̀ tí kò ní àwọ̀ wọ́n ọn pẹ̀lú, ẹ sì pò ó pọ̀. Ẹ wá bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ mú un kúrò. Wọn yóò ṣa ṣọ́ọ̀kì. Ìtọ̀ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò lè ṣa ìtọ̀ kúrò nínú gààrí.

Iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wo ilé wọn, kó sì kọ bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́:

- Ṣé gààrí, èlùbọ́ àti ìrẹsì wa wà nínú ohun tó ní ìdérí tó le?
- Ṣé a kì í sá gààrí tàbí èlùbọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀bá títì?
- Ṣé oúnjẹ àná kì í sùn ní ṣíṣí?
- Ṣé kò sí ihò lára ògiri àti lábẹ́ ìlẹ̀kùn?
- Ṣé ààtàn jìnnà sílé, tí koríko kò sì yí ilé ká?

Bí wọ́n bá mú un dé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka tirẹ̀ sókè. Ilé ẹlòmíràn kò ní ohun tí a fi ń dí ihò.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta. Ẹ má rán ọmọ lọ pa eku, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú òkú eku wá "kí kíláàsì lè rí i". Kí ọmọ má gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ. Àgbà ni yóò wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tí yóò wọ́n omi bílíìṣì sí i kó tó kó o. Ìkẹta le díẹ̀: lásìkò ìgbẹ́ jíjó, àwọn ọmọkùnrin wa máa ń lé eku nínú oko. Bí ẹ bá sọ fún wọn pé ẹran ìgbẹ́ ti di èèwọ̀, wọn yóò fi yín rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kì í ṣe gbogbo eku ló ń gbé Lassa, ṣùgbọ́n wọn kò lè fojú dá èyí tó ń gbé e mọ̀. Nítorí náà, ọwọ́ lásán kò gbọdọ̀ kan èyíkéyìí, jíjẹ rẹ̀ kò sì yẹ.

## Ìgbésẹ̀ 5: Omi oníyọ̀ àti ṣúgà

Gbígbẹ omi ara ni onígbáméjì àti ìgbẹ́ gbuuru fi ń pa ọmọdé, ó sì lè ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà alápò tí a ń pò mọ́ omi, láti ilé ìwòsàn ló dára jù, pẹ̀lú oògùn zinc fún ọmọdé. Bí kò bá sí nítòsí:

1. Kí wọ́n fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ.
2. Omi mímọ́ lítà 1. Píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀; kí wọ́n ka ara ọ̀rá náà, nítorí òmíràn kò tó 50cl.
3. Ṣúgà ṣíbí tíì 6, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò gogo.
4. Iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, òun náà ní pẹrẹsẹ.
5. Kí wọ́n rò ó títí yóò fi yòrò. Kí àgbà tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ ní iyọ̀ ju omijé lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n po òmíràn.
6. Bó bá ti pé wákàtí 24, kí wọ́n da èyí tó kù nù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gbé ṣíbí ọbẹ̀ dípò ṣíbí tíì, tàbí kí wọ́n gbàgbé èwo ni mẹ́fà, èwo ni ààbọ̀. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọdé gan-an. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ̀n ọ́n lójú yín, kó má jẹ́ pé ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n sì mọ̀ pé omi yìí kì í dá ìgbẹ́ dúró. Ó kàn ń dá omi ara padà bí a bá ti ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn ni.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ibi ìfọwọ́ tí kò ná yín lówó

Ẹ̀kọ́ tí kò ní omi àti ọṣẹ lẹ́yìn, ariwo lásán ni. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 kan tó:

1. Ẹ ri igi méjì tí orí wọn yà sí méjì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ gbé ọ̀pá dá bùú lé e.
2. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kékeré kan sára kẹ́ẹ̀gì, nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ díẹ̀. Àgbà ni kó ṣe é.
3. Ẹ ki ọ̀pá yẹn bọ ojú ìdìmú kẹ́ẹ̀gì kó lè rọ̀.
4. Ẹ so okùn mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ so ìdí okùn mọ́ igi kan nílẹ̀. Bí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ tẹ igi náà, kẹ́ẹ̀gì á tẹ̀, omi á sì máa ṣàn. Ọwọ́ kò kan nǹkan kan.
5. Ẹ fi àpò àwọ̀n gbé ọṣẹ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
6. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kí omi má baà dúró kí ẹ̀fọn sì máa yé sí i.

Iṣẹ́ ńlá ni kí omi máa wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹ pín in fún kíláàsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo jẹ́ alákòóso ọṣẹ. Bí owó ọṣẹ bá di ìṣòro, ẹ gbé e lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́. Òbí tó ń ta ọṣẹ dúdú kì í wọ́n nínú ìpàdé bẹ́ẹ̀.

## Bí ọmọ bá ti ṣàìsàn

Ẹ má lé ọmọ sílé lójú kíláàsì. Ẹ mú un jókòó níbi tí atẹ́gùn wà, kí ẹ pe òbí rẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Olùkọ́ ọmọ yín ni. Ara rẹ̀ ń gbóná díẹ̀, mo sì rí nǹkan kan tó sú sí i lára. Kò sí ìjàyà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú un lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. A ó tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ dè é." Ẹ má sọ orúkọ àrùn lórí fóònù, dókítà kọ́ ni yín.

Ìgbà tó lè padà, àyàfi bí òṣìṣẹ́ ìlera bá sọ ohun mìíràn:

- Èéyi: ó kéré tán, ọjọ́ 4 lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í sú.
- Ṣíkínpọ́ọ̀sì: ìgbà tí gbogbo ojú rẹ̀ bá ti gbẹ, tó sé èépá.
- Ìgbẹ́ gbuuru: wákàtí 48 lẹ́yìn tó ti dúró.
- Àpólò: ìgbà tí ojú bá ṣíwọ́ pípọn àti ṣíṣepin. Kò sí ìtọ̀, kò sí omi ọmú nínú ojú, ẹ jọ̀wọ́.
- Kúrúnà: lẹ́yìn ìtọ́jú àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ará ilé ni yóò lo oògùn, kí wọ́n sì sá aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì sóòrùn.
- Làpálàpá: kò ní kí ọmọ jókòó sílé bó bá ti ń lo oògùn.
- Ikọ́ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì: àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba, oṣù 6 ni wọ́n sábà máa ń lò ó, wọn kò sì gbọdọ̀ dá a dúró bí ara bá yá.

Ẹ béèrè káàdì àjẹsára nígbà tí ẹ bá ń gba ọmọ tuntun wọlé. Abẹ́rẹ́ èéyi ẹ̀ẹ̀méjì ni ti Nàìjíríà, ní oṣù 9 àti oṣù 15. Fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí láti 2023. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òbí, kí ẹ má gbé ìjà rẹ̀ lé ara yín lórí.

## Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí jù

Fífi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. "Ẹ wo orí lágbájá, làpálàpá nìyẹn." Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ yẹn yóò máa fi fìlà bo orí, kò sì ní í sọ fún ẹnikẹ́ni bí àìsàn mìíràn bá dé.

Fífi àwòrán dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ̀rù kì í pẹ́ lára ọmọdé. Ẹ fi ohun tí wọ́n lè ṣe hàn wọ́n dípò òkú.

Àkọsórí. Ìdánwò tó ní "dárúkọ àrùn àkóràn márùn-ún" ti wọ́pọ̀ jù. Ẹ béèrè báyìí dípò rẹ̀: "Àbúrò rẹ ń ṣu gbuuru láti òwúrọ̀, màmá wà lóko. Kí ni wàá kọ́kọ́ ṣe?"

Bíbá àgbo jagun. Ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì ló ń se àgbo, ẹ kò sì lè pa á rẹ́ ní pírìọ́ọ̀dù kan. Ẹ kàn tẹnu mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ dá ẹsẹ̀ ilé ìwòsàn dúró.

## Bí àyè kò bá gbà yín

*Ọmọ 70 nínú kíláàsì?* Ẹ kọ́ ọmọ mẹ́fà lẹ́yìn ìparí iṣẹ́, kí wọ́n di olórí ẹgbẹ́. Àwọn ni yóò ṣe ti èédú fún àwọn yòókù lọ́jọ́ kejì. Ọmọdé máa ń gbọ́ ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

*Ọṣẹ kò sí, tàbí omi kò tó?* Eérú mímọ́ pẹ̀lú omi díẹ̀ lè dípò ọṣẹ. Sanitáísà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ lára ọwọ́ tó ní ẹrẹ̀ tàbí òróró, ó sì ń gbiná. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún ọmọ kékeré.

*Ẹ fẹ́ iṣẹ́ tí kò ní ohun èlò kankan?* Ẹ rán wọn lọ bá ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà pé kí wọ́n sọ ìtàn sòbìà, aràn gígùn tó máa ń gba ẹsẹ̀ ènìyàn jáde, fún wọn. Kò sí oògùn tó pa á, kò sí àjẹsára. Omi tí wọ́n ń fi aṣọ sẹ́, àti kí ẹlẹ́gbò má wọnú odò, ni wọ́n fi lé e lọ: 2008 ni a rí ẹni tó ní i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, WHO sì fún wa ní ìwé ẹ̀rí ní 2013. Àwọn àgbà tó rí i lójú ṣì wà, ọ̀rọ̀ wọn sì máa ń wọ àwọn ọmọ létí ju tèmi lọ.

## Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó yé wọn

Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má sọ fún wọn. Ẹ wá wo nǹkan wọ̀nyí:

- Ìwọ̀n ọṣẹ tó ti lọ. Ọṣẹ tó ṣì tóbi bí ọjọ́ tí ẹ gbé e síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lò ó.
- Bí wọ́n ṣe ń wúkọ́: sínú àtẹ́lẹwọ́, àbí sínú ìgbọ̀nwọ́?
- Ẹ tún fún wọn ní ìwé àyẹ̀wò ilé ti Lassa. Kí ẹ fi wé ti àkọ́kọ́.
- Ẹ pe ọmọ mẹ́ta lójijì kí wọ́n wọn iyọ̀ àti ṣúgà.

Èyí tí wọn kò bá ṣe dáadáa nìkan ni kí ẹ tún kọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì mú èsì wá ní pírìọ́ọ̀dù tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá sì rí i pé àìsàn kan náà ń mú ọmọ lẹ́yìn ọmọ, ẹ má dúró de ìpàdé kankan: ẹ sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn alábọ́dé lọ́jọ́ náà gan-an, tàbí kí ẹ pe NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, lórí 6232. Kò gba owó.